Sẹ́ẹ̀tì Tó Kàn ní Ire-Akárí

Ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kí oòrùn tó mú, òkúta ti máa ń dé ojú títì ní Ire-Akárí. Méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré láàárín èkíní àti èkejì. Góòlù ti délẹ̀ nìyẹn. Mọ́ńkì póòsì ni gbogbo Èkó ń pe irú bọ́ọ̀lù yìí. Kò ní kípà, kò ní rẹfirí, kò sì sẹ́ni tó ń wo aago. Ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní í wà nínú sẹ́ẹ̀tì kan. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ ní góòlù méjì á bọ́ síta, èyí tó ti ń retí létí gọ́tà á wọlé. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, ẹnìkan á kígbe, wọn á sáré gbé òkúta, mọ́tò á kọjá, òkúta á padà sáyè rẹ̀, eré á sì máa lọ bí ẹni pé nǹkankan ò dá a dúró.

Ẹni tó bá dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ á ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nínú sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bàbá ọmọ kan lè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ti èkejì lè wá láti Ìmò, ìyá ẹ̀kẹta lè jẹ́ Ẹ̀dó, kí àwọn òbí ẹ̀kẹrin sì wá láti Ìlọrin. Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń kígbe mọ́ra wọn: "Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!" "Gbé e wá, mo wà níbí!" Ọmọ tó ń jẹ́ Èméká ń bú ọmọ tó ń jẹ́ Wàsíù pé kò sáré padà, Wàsíù sì ń dá a lóhùn pé ta ló sọ bọ́ọ̀lù nù ná. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni níbi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń jà ràn-ìn níbẹ̀ ni pé: ta ló ni sẹ́ẹ̀tì tó kàn?

Àdúrà ni orúkọ àdúgbò yìí. Ire a kárí: kí ire kàn wá dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, kó má yọ ẹnìkan sílẹ̀. Ìsọlọ̀ ni àdúgbò náà wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, níbi tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 621,509. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti yọ káńsù ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti ti Èjìgbò lára rẹ̀. Ìdíkọ̀ ńlá Òṣòdì wà níbẹ̀, ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú gba ibẹ̀ kọjá, ọjà Aswani àti àwọn ilé iṣẹ́ Ìlasàmájà wà níbẹ̀, Okota àti Mafoluku pẹ̀lú. Èrò tó ń wọ Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ̀ ní Òṣòdì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rìn jìnnà kọjá ibẹ̀ tí wọ́n fi rí yàrá gbà. Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kó mọ bí àjèjì ṣe ń di aládùúgbò, àgbègbè yìí ni.

Àmọ́ ṣé ó mọ̀ ọ́n? Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, àwọn jàǹdùkú ya bo ibi tí wọ́n ti ń dìbò ní Okota, wọ́n da ìbò rú, wọ́n sì dáná sun àpótí ìbò. Láàárín ọjọ́ náà sí ìdìbò gómìnà inú oṣù kẹta, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gba ẹnu àwọn àgbàlagbà kan. Àwọn tó ti jọ ń pín omi kànga fún ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé ọmọ ibo ni ọ́ ná. Lórí fóònù, àwọn kan ń ka àdúgbò tó jẹ́ ti "àwa" àti èyí tó jẹ́ ti "àwọn." Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná tán. Ẹni tó bá ń sọ pé ó ti jinná kò tíì jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé tí ọ̀rọ̀ owó iná ti di ọ̀rọ̀ Ìgbò àti Yorùbá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ eré, ẹ̀kọ́ àti àṣà kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán ní Ire-Akárí àti àyíká rẹ̀. Ó sì yẹ ká sọ òótọ́ nípa irú ètò tí àwọn aláṣẹ àti ọlọ́wọ́ àdúgbò sábà máa ń ṣe. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á to àga oníke, wọ́n á pín fáńẹ́ẹ̀lì tó ní àwòrán olóṣèlú láyà. Alága ìjókòó á pẹ́ kó tó dé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa han, wọ́n á pín ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ilẹ̀ á ṣú. Ìyá tó jókòó lórí àga kejìlélógún kò mọ orúkọ ìyá tó jókòó lórí ìkẹtàlélógún títí wọ́n fi túká. Ènìyàn péjọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò para pọ̀. Òǹwòran ni gbogbo wọn.

Ohun tó ń so ènìyàn pọ̀ ni kí ọ̀kan nílò èkejì fún nǹkan tí kò lè dá ṣe, kó sì tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibi tí mọ́ńkì póòsì ti ta káńsù yọ nìyẹn. Wàsíù lè bínú sí Èméká lónìí, ṣùgbọ́n bí Èméká kò bá jáde lọ́la, sẹ́ẹ̀tì wọn kò pé.

Orílẹ̀-èdè yìí ti mọ èyí nígbà kan rí. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1973, ìjọba Ọ̀gágun Gowon bẹ̀rẹ̀ nǹkan méjì nínú ọdún kan náà: ìdíje eré ìdárayá gbogbogbò àkọ́kọ́, tó wáyé ní Èkó, àti ètò àgùnbánirọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Kì í ṣe èèṣì. Àwọn tí wọ́n dojú ìbọn kọra wọn níjọ́sí ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa sáré, kí wọ́n máa fò, kí wọ́n máa gbé ní ilẹ̀ ara wọn. Ètò méjèèjì ṣì wà dòní. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló gba àlejò ìdíje náà ní ọdún 2025. Àmọ́ ètò tó kó ọmọ Kánò àti ọmọ Calabar jọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò lè so ọmọ Ire-Akárí àti ọmọ Okota pọ̀ nílé. Àwọn yẹn ò nílò ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n tó pàdé. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.

Abẹ́ bíríìjì Òṣòdì ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé jù lọ wà. Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, ọmọ tó dàgbà ní Ìkòròdú, kọ́ eré ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run kan ládùúgbò wọn. Owó láti fi rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ girama kò sí. Ìyá rẹ̀ ló gbà láti máa ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ẹ̀kọ́ kan kí ọmọ rẹ̀ lè ríbi jókòó nínú kíláàsì. Ọmọ náà kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba Tech, ó di ògbóǹtagí nínú ṣẹ́ẹ̀sì, nígbà tó sì di ọdún 2018, ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ láti máa gbé eré náà lọ bá àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí. Ó ṣe é ní Mákòókò lórí omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ó gbé e dé Òṣòdì.

Ẹni tó bá mọ abẹ́ bíríìjì náà á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ kò ní ibùsùn mìíràn. Àwọn kan ń ṣe àgbèrò, àwọn kan ń gbé ẹrù fún èrò, àwọn kan ń mu ohun tó ń jẹ́ kí ebi gbàgbé wọn. Èrò ọkọ̀ máa ń di báàgì rẹ̀ mú bó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Báwo ni ẹnìkan ṣe máa gbé pátákó onígun mẹ́rin, aláwọ̀ dúdú àti funfun, síwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí á sì ní kó jókòó?

Wọ́n jókòó. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì bá ara wọn díje. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn láti àárọ̀ wá di ọmọ tó fi ọwọ́ lérán, tó ń wo ojú ẹni tó kọjú sí i, tó ń ro ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà rí: o kò lè gbé ẹsẹ̀ kan láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ fi ara rẹ sípò ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà bọ́ sílé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ọ̀nàkọ̀yà jókòó sí Times Square ní New York, òun àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà, wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 láìsùn láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Gbogbo ayé ló rí ti New York. Èyí tó yẹ kí àwọn ará Ìsọlọ̀ máa rò ni ti Òṣòdì, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ju pátákó, ọmọ ayò, àti ẹni tó fara balẹ̀ láti kọ́ni.

Ta ló sì sọ pé ṣẹ́ẹ̀sì nìkan ló lè ṣe é? Ayò ọlọ́pọ́n wà nílẹ̀ kí èyí tó dé. Ihò mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó gbọ́n nínú rẹ̀ là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n la ń pè ní ọ̀pẹ. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré sí ti ṣẹ́ẹ̀sì, ó tiẹ̀ fi nǹkan kan jù ú: ẹnu. Ṣẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ayò ń fẹ́ kí òǹwòran sọ̀rọ̀, kó yẹ̀yẹ́, kó gba ọ̀pẹ nímọ̀ràn tó máa pa á lára. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, di ọba nídìí ọpọ́n ayò. Ayò wà lára eré tí wọ́n ń díje nínú rẹ̀ ní ìdíje eré ìdárayá gbogbogbò. Kí ló dé tí kò fi sí ìdíje ayò láàárín òpópónà àti òpópónà ní Ire-Akárí, kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọjú sí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún? Àwọn ọmọ Ìgbò náà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní okwe, àwọn ará Ghana ní oware. Kò sí àlejò nídìí ọpọ́n yẹn.

Bọ́ọ̀lù ló sì rọrùn jù, nítorí pé ó ti wà nílẹ̀. Ó kù ká fún un ní àyè. Pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe pápá ńlá, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjọ̀, ọmọ Urhobo, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni Odion Ighalo ti gbéra kó tó dé ẹgbẹ́ Manchester United. Àlùfáà ará Ireland kan, Denis Slattery, dá ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's tó wà ní Àkòkà sílẹ̀ ní ọdún 1956, ó sì fi bọ́ọ̀lù ṣe ọ̀kan nínú òpó tó gbé e ró. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Keshi ni balógun ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994, òun náà ló tún kọ́ ikọ̀ tó gbà á ní 2013. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìlú Keshi nígbà tí ife náà balẹ̀ sí Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń yin bọ́ọ̀lù òpópónà kì í sábà fẹ́ sọ. Àwọn ọmọbìnrin kò sí nínú sẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ta súwè, wọ́n ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, tàbí kí wọ́n máa fọ abọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn ń gbá bọ́ọ̀lù. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, bá àwọn ọmọkùnrin gbá a lójú títì ni, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Ó di obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mélòó nínú irú rẹ̀ ló wà ní Ìsọlọ̀ báyìí tí ọwọ́ wọn wà nínú abọ́? Ètò tó bá fẹ́ kó gbogbo ará àdúgbò jọ, tí kò sì wá àyè fún ìdajì wọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ onílé fi wákàtí kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lọ́jọ́ Sátidé, kí ìyá méjì jókòó tì wọ́n, ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti àṣà, ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ayẹyẹ Ojúde Ọba tó ń wáyé níbẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, Kristẹni wà níbẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, àlejò láti òkè òkun wà níbẹ̀. Ẹṣin àti agbádá ni fọ́tò ń gbé jáde. Ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra wọn, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025 tún mú sọjí nígbà ayé rẹ̀. Kí ọjọ́ kan yẹn tó pé, regbéregbé ti ṣe ìpàdé, ó ti dá owó, ó ti yan aṣọ, ó ti bá ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, ó ti parí ìjà. Ọjọ́ kan ni a rí. Gbogbo ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí kánópì ìsàlẹ̀ òpópónà kò ní nìyẹn.

Ire-Akárí kò nílò ẹṣin. Ó kàn nílò kí àwọn tó jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ ara wọn kí ayẹyẹ tó dé. Àwọn ọmọ ọdún 15 sí 18 ní àdúgbò kan lè di ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n ní orúkọ, kí wọ́n ní àwọ̀, kí wọ́n ní àpótí owó kékeré. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ẹ̀kọ́, nígbà eré ìdárayá ọlọ́dọọdún: ilé pupa, ilé búlúù, ilé àwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá sáré fún ilé pupa lónìí kì í bi ẹni tó gba ọ̀pá eré lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Mùsùlùmí ni àbí Kristẹni. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, tí oṣù mélòó kan kọjá, àwọ̀ yẹn ṣá, kò sì sí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú àwọn kan kò dùn, wọ́n ní èdè Yorùbá fún ọmọ Yorùbá ni. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn ọmọ Ìgbò Okota ṣe ń pòwe lójú títì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé òfin náà ni ìdíje àlọ́ àti ìjíròrò lédè Yorùbá láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìsọlọ̀, kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n sọ gba ẹ̀bùn rẹ̀. Bí ọmọ Ìgbò bá sì jáwé olúborí, kí àwọn òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ patẹ́wọ́ tó ń dún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò nìkan ló lè sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Òfurufú pọ́n, ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́. Àwọn ènìyàn sá jáde láti ilé, láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjà, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé kánáàlì Òkè-Afa. Òkùnkùn ti ṣú, òṣíbàtà sì bo ojú omi náà, ó dà bí pápá tútù. Wọ́n sáré wọ inú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà níwájú, wọ́n ń tì wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú òkú tí wọ́n ń fà jáde. Ẹni tó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000. Òkè-Afa ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀dó, pọ̀ sójú kan. Wọ́n kọ́ ohun ìrántí síbẹ̀, àwọn ẹbí sì máa ń wá síbẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ náà.

Àwọn ọmọ tó ń gbá mọ́ńkì póòsì báyìí kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ẹ̀gbẹ́ kánáàlì náà kọjá láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìdọ̀tí, ọ̀rá omi àti ike ló wà nínú omi tó gba ẹ̀mí àwọn ojúgbà wọn.

Ìlú mìíràn ti fi bọ́ọ̀lù kojú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ní Nairobi, olú ìlú Kenya, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Mathare, tálákà pọ̀ níbẹ̀, ìdọ̀tí sì pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1987, Bob Munro ará Canada àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ líìgì bọ́ọ̀lù kan tó ní òfin àrà ọ̀tọ̀ kan: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá jáde lọ kó ìdọ̀tí àdúgbò á gba àmì kún àmì tó gbà lórí pápá. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, tí ẹ kò sì jáde wá gbálẹ̀, ẹlòmíràn á gba ife. Àwọn ọmọ ló ń darí líìgì náà fúnra wọn, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Láti inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Mathare United ti jáde, àwọn ló sì gba líìgì gbogbo Kenya ní ọdún 2008. Wọn kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sì sí ìdí tí ìjọba ìbílẹ̀ fi máa ráhùn owó nílé wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, Èkó dìbò yan àwọn alága tuntun. Líìgì òpópónà kò nílò pápá ìṣeré olówó gọbọi. Ó nílò ọ̀pá góòlù onírin tó máa rọ́pò òkúta, àwọ̀n, bọ́ọ̀lù, iná méjì, rẹfirí tí wọ́n ń fún ní owó ọkọ̀, àti kí wọ́n máa ṣí pápá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti parí ìwé. Ó tún nílò kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán ara rẹ̀ sára jẹ́sì náà. Ní ti àwọn onílé, géètì òpópónà tí wọ́n ń tì nítorí olè, kí wọ́n máa ṣí i láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí sẹ́ẹ̀tì tó wá láti òdìkejì títì lè wọlé. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì náà tẹ́lẹ̀. Kò ní ṣòro fún un láti ka orí ọmọ márùn-ún.

Kí líìgì náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìsinmi ìwé nígbà òjò, kó máa lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Ire-Akárí, Okota, Mafoluku, Ìlasàmájà, Èjìgbò, kó parí ní Sátidé tó bá sún mọ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní jù lọ. Kí àṣekágbá náà jẹ́ ti ọmọkùnrin àti ti ọmọbìnrin. Kí àwọn bàbá gbé ọpọ́n ayò wá sẹ́bàá pápá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí gbogbo sẹ́ẹ̀tì péjọ sétí kánáàlì Òkè-Afa, kí ẹnìkan tó wà níbẹ̀ ní 2002 sọ ohun tó rí fún wọn, kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, kí wọ́n sì kó ìdọ̀tí ibẹ̀ títí oòrùn á fi dé àárín orí. Kí akọ̀wé máa kọ àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú ìwé. Ní àárọ̀, wọ́n á gbálẹ̀. Ní ọ̀sán, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù.